ÈÉFÍN KÒ MỌ ÀÀLÀ

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí Ó fi afẹ́fẹ́ ta ẹ̀dá lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú Sūratur-Rūm, āyà 41, Allāhu fi yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fa ìbàjẹ́ orí ilẹ̀ àti ojú omi. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí Ìgbògbò. Ní Ògijó, ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú, àwọn iléeṣẹ́ kan ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù nítorí òjé inú rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò níbẹ̀. Nínú mẹ́wàá, méje ni òjé ti wọ̀ lára dé ìwọ̀n tí ń pani lára.

Òjé inú èéfín a máa bà sílẹ̀ ní àgbàlá. Ọmọdé a fi ọwọ́ kàn án, a sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Ọpọlọ rẹ̀ ni yóò jìyà. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, òjé pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára. Arísìkí tí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ aládùúgbò jẹ́ kò mọ́. Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì nínú ilé. Ẹ má ṣe sun táyà àti ọ̀rá. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ òjé, kí ó wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ, kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀.

Kí Allāhu dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.