Ẹ̀KỌ́: ÒKÈÈRÈ NI OLÓJÚ-JÍNJÌN TI Í MẸ́KÚN SUN

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ wa dá lórí àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ.

Kòkòrò HPV ni ó sábà máa ń fà á. Ìbálòpọ̀ ni ó ń gbé e ran ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ìṣekúṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilé ọkọ ló ń kó o. Ó lè lo ọdún 10 sí 20 lára láìdunni kí ó tó di jẹjẹrẹ. Nítorí náà, nígbà tí ara le ni kí a lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù, kí ó má fi falẹ̀.

Nínú oríṣi àyẹ̀wò kan, nọ́ọ̀sì yóò fi ọtí kíkan ra ẹnu ilé-ọmọ. Bí apá kan bá funfun, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di àrùn ńlá. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin ṣe àyẹ̀wò kí ó tó pé ọdún 35, kí ó sì tún un ṣe kí ó tó pé 45.

Kí ló ń dá wa dúró ní Awóyáyá? Ìtìjú ni, àti ọ̀nà. Bí a bá ń lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ọjọ́ ọjà kan ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò, tàbí ní Jẹ́nẹ́rà ọsibítù Akódò. Bí wọn kò bá ń ṣe é, wọn yóò júwe ibi tí a ó lọ.

Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tiwọn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023, lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ìjíròrò: Ta ni kò tíì ṣe é rí nínú wa? Ta ni yóò bá a lọ?