Kọfí olú àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà

*Ó pẹ́ tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fínra, metformin ni mò ń lò. Ọmọ mi wá ra kọfí olú Ganoderma wá láti Adó-Èkìtì. Ẹni tó tà á fún un ní antioxidant inú rẹ̀ á fọ ara mi mọ́, kí n pa oògùn òyìnbó tì. Ṣé kí n gbà? – Ìyá àgbà kan, Ayédé-Èkìtì*

Ẹ má gbà o, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ gbé metformin yín síbi tí ọwọ́ yín á ti tó o, ká tó máa sọ̀rọ̀ olú.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo ohun tí ẹni tó tà á sọ. Bí ara bá ń sọ oúnjẹ di okun, àwọn èròjà kan máa ń ta jáde bí ẹta iná ṣe ń ta lára igi ìdáná, wọn a sì máa ba ara jẹ́. Antioxidant ló ń pa wọ́n. Èyí tí olú fi ta oúnjẹ mìíràn yọ ni ergothioneine. Ara wa kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní ẹnu ọ̀nà tó ń gbà á wọlé. Ní Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti rí ẹnu ọ̀nà náà ní 2005. Iná ọbẹ̀ kì í tètè ba ergothioneine jẹ́, nítorí náà ẹ máa jẹ olú-ọ̀ran yín lọ.

Àmọ́ bí antioxidant ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ò kúkú jọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ènìyàn. Ní Finland, wọ́n fún àwọn amusìgá ní beta-carotene, ojúlówó antioxidant, nínú ìwádìí tó kó ọkùnrin 29,133 jọ. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Ní ti Ganoderma, àjọ Cochrane yẹ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò ní 2015, wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó bá wà lára páálí kọfí náà kò sọ ọ́ di oògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ tilẹ̀ yí páálí ọ̀hún wò, Màmá. Ọ̀pọ̀ irú kọfí yìí ló jẹ́ pé ṣúgà ti wà nínú rẹ̀!

*Báwo la ṣe ń dá olú olóró mọ̀? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Kò sí ọgbọ́n ìdáná kankan tó ń fi í hàn. Pé ìgbín jẹ ẹ́ kò ní kó má pa ènìyàn. Ọwọ́ ìyá olólú tó mọ ibi tó ti hù ni kí ẹ ti rà á. Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́, ẹ má dúró mu epo pupa. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ mú olú tó ṣẹ́kù dání.