Ẹ Kà Á Padà fún Ẹni Tó Ni Ọ̀rọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù kan ní Ìbàdàn, mo ń wo bàbá àgbẹ̀ kan tí lọ́yà ẹgbẹ́ kejì ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ oko kan lọ́nà Àkànràn. Lọ́yà náà kò pariwo, kò sì halẹ̀ mọ́ bàbá. Ó kàn ní, "Bàbá, nínú ìwé ẹ̀rí yín, ẹ ní bàbá yín ló fi ilẹ̀ yìí lé yín lọ́wọ́. Ìgbà wo ni bàbá yín kú?" Bàbá ní òun kò tíì máa rìn nígbà náà. Lọ́yà tún ní, "Ta ló wá fi ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Bàbá mi náà ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ni bàbá ń sọ. Ta ni nínú wa tí kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní bàbá? Ṣùgbọ́n nínú ìwé, lédè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tó bí i lọ́mọ ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Lọ́yà wá béèrè ẹni tó ka ìwé náà fún un kó tó tẹ̀ka. Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó kà á. Ọmọ yẹn ní kí n tẹ̀ka síbí, mo sì tẹ̀ ẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ ìwé pé a ti kà á fún un lédè Yorùbá, ó sì yé e. Orúkọ ọmọ yẹn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Mo mọ ọmọ náà. Ó gba díplómà nínú ìmọ̀ òfin, ó já fáfá, ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yìn ín ní ọ́fíìsì wọn pé ìwé ẹ̀rí mẹ́jọ ló parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò sẹ́ni tó bi í pé mélòó ló kà padà fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ìyìn yẹn ló ń dùn mí jù, torí àwọn tó yìn ín jù ú lọ́jọ́ orí.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin kí ẹ lè di akọ̀wé lọ́yà, tàbí paralegal bí wọ́n ṣe ń pè é báyìí, mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń to fáìlì, bí a ṣe ń ka ọjọ́, tàbí bí a ṣe ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jẹ́ni. Ẹ ti mọ ìyẹn. Kíka ìwé padà ni mo bá wá.

Ẹ wo ohun tó bàjẹ́ lára ẹjọ́ bàbá yẹn. Láti 1976 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba pé ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ló ṣáájú nínú márààrún. Ẹni tó bá sì gbé ìtàn dání gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti gbogbo àwọn tó jogún rẹ̀ tẹ̀ léra títí dé orí òun alára. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá yẹ̀ lórí ìlà yẹn, ìtàn ti já nìyẹn. Nínú ẹjọ́ yìí, ẹlẹ́rìí kejì láti inú ẹbí kan náà ti sọ pé ọwọ́ àbúrò bàbá tó tọ́ bàbá àgbẹ̀ náà dàgbà ni ilẹ̀ wà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìwé ló sọ wọ́n di òpùrọ́.

Èdè wa kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú iṣẹ́ yìí. Bí màmá kan bá sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi", ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọmọ ìyá ni àbí ọmọ bàbá, àbí aládùúgbò tó kàn dàgbà jù ú lọ? Bó bá ní "ọmọ mi", ṣé òun ló bí i? Ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ èdè lórí fóònù yín kò lè mọ̀, yóò kàn mú ọ̀kan. Màmá nìkan ló mọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ bá ka ohun tí ẹ kọ padà sí i létí.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní 1983, mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà akọ̀wé kan tó ti ń lo táípù kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin oníṣòwò kan wá, odi ilé rẹ̀ ló mú un wá. Ó ní omíyalé wó odi náà, aládùúgbò rẹ̀ sì tún un mọ wọ inú ilẹ̀ òun. Mo béèrè ọdún, ó ní "ọdún omíyalé". Mo kọ 1980 kíá. Ta ni kò mọ omi Ògùnpa tó ya bo Ìbàdàn ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún yẹn? Mo tẹ ìwé náà, kábọ́ọ̀nù méjì lábẹ́ rẹ̀, mo gbé e fún ọ̀gá.

Ọ̀gá kò wo táípù mi rárá. Ó pe obìnrin náà, ó fún un lómi mu, ó fi ìka sábẹ́ ìlà kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá. Nígbà tó dé ibi 1980, obìnrin náà ní, "Rárá o. Oyún àwọn ìbejì mi ni mo ní nígbà tí odi wó. Wọ́n ti ń sáré kiri nígbà omi ńlá tí ẹ ń wí un." Omi 1978 ló ń sọ! Aládùúgbò rẹ̀ sì ní àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fíọ̀ yà ní 1979, odi tuntun náà wà nínú rẹ̀. Ká ní 1980 ló dé iwájú adájọ́, wọn ì bá ní ibi tí odi wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà, ilẹ̀ obìnrin náà ì bá sì lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò bú mi. Ó bi mí pé, "Omíyalé kan ṣoṣo ni Ìbàdàn rí?" Ó yọ ìwé náà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ní kí n lọ tún un tẹ̀.

Ọkùnrin yẹn kì í béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Ó ní ìbéèrè ọ̀lẹ ni. Ọmọlúwàbí ni àwọn tó ń wá bá wa. Bí akọ̀wé bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní "Ó yé mi, ọmọ mi, ẹ ṣé", kí wọ́n má bàa dójú tì í, kí wọ́n má bàa dójú ti ara wọn. Ohun tó máa ń sọ ni, "Màmá, ẹ bá mi sọ ohun tí mo kà yẹn." Bí màmá bá sọ ọ́ tó sì bá ti inú ìwé mu, ó bọ́ sí ìlà kejì. Bí kò bá mu, ó mú báírò pupa. Fìlà rẹ̀ máa ń wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò ní dé e láti sin oníbàárà lọ búra ní kóòtù, àfi tí wọ́n bá ti sọ gbogbo ìlà tán. Àwa ọmọṣẹ́ a máa wo fìlà yẹn, ebi a máa pa wá.

Òfin kò fi kíka ìwé padà yìí sílẹ̀ fún inú rere yín. Abala 119 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí a sọ ọ́ nísàlẹ̀ ìwé ìbúra ẹni tí kò mọ̀wé, tàbí tí kò ríran, pé a kà á fún un, a sì túmọ̀ rẹ̀ bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé sì ní kí ẹni tó bá wọn kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ orúkọ yín, ẹ ń jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ ẹni náà ni ẹ kọ, pé ẹ kà á fún un, ó sì yé e. Bí ẹ kò bá kà á, irọ́ ni ẹ fi orúkọ bàbá yín pa. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gba ìbúra ni kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti tẹ̀ka. Abala 112 kò gba ìbúra tí a bá ṣe níwájú lọ́yà ẹni náà tàbí akọ̀wé rẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo rí nínú kíkà náà ni pé ó ń tú àṣírí Gẹ̀ẹ́sì wa. Gbólóhùn tí ẹ kò bá lè sọ ní Yorùbá fún ìyá aláta, kò yé ẹ̀yin gan-an. Ìgbà mélòó ni mo ti dé àárín ìlà kan tí mo rò pé mo kọ dáadáa, tí ahọ́n mi kọ̀ láti tẹ̀ síwájú, tí mo sì pa á rẹ́!

Ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí ń bọ̀. Láti 2011 ni òfin Legal Aid Council ti fàyè gba kí wọ́n fún ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ paralegal ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbi tí lọ́yà kò bá tó. Ẹ ó wà ní abúlé àti ní àtìmọ́lé, níbi tí ọ̀gá kankan kò ti ní yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ìwé ojú ewé mẹ́rin máa ń gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi láti kà padà. Mo mọ̀ pé wákàtí kan pọ̀ lójú ẹni tó ní mẹ́jọ láti parí. Ẹ ṣe méjì. Bí ìwé ẹnikẹ́ni bá wà lórí tábìlì yín lónìí tí ẹ kò tíì kà fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Bàbá àgbẹ̀ yẹn ti kúrò níwájú adájọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé kóòtù bẹ́ẹ̀.