Ẹ Bèèrè Ohun Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Yín

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, iléèwé tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú orúkọ àti gbèsè àwọn èèyàn la fẹ́ sọ. Ẹni tó bá yín to ètò ìtajà sínú rẹ̀ ti gbowó, ó ti lọ. Ṣé ó sọ fún yín pé dátábéèsì kan, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, bíi SQL Server tàbí MySQL, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀?

Irú àìmọ̀ yìí da ọ̀pọ̀ láàmú lọ́jọ́ 25, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2003. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Slammer ya wọ SQL Server 2000 àti MSDE, àbúrò rẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe ètò máa ń dì mọ́ ọjà wọn, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í mọ̀. Báìtì 376 péré ni. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Dátábéèsì náà ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú mẹ́mórì fún ọ̀rọ̀ tó bá ń ti ìta wọlé, ṣùgbọ́n kì í wọn ọ̀rọ̀ náà kó tó gbà á. Ti Slammer gùn ju àyè náà lọ. Èyí tó ṣẹ́kù ya bo ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wo iṣẹ́ tó kàn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ àlejò bí ẹni pé onílé ló rán an. Kọ̀ǹpútà bíi 75,000, ó kéré tán, ló mú, ọ̀pọ̀ jù lọ láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀rọ ATM ilé ìfowópamọ́ Bank of America lọ́hùn-ún kò pọwó. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Agẹmọ 2002 ni Microsoft, tó ni SQL Server, ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde!

Ẹlòmíì á ní iná kì í pẹ́ ládùúgbò tòun. Wákàtí kan tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ti pọ̀ jù fún irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ẹ pe ẹni tó to ètò yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í léèrè orúkọ dátábéèsì náà, ọdún tó jáde, àti ìgbà tó gba àtúnṣe kẹ́yìn. SQL Server 2014, bí àpẹẹrẹ, Microsoft kò ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un mọ́ láti oṣù Agẹmọ 2024. Bó bá ṣí dátábéèsì sí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ lè máa wo ọjà láti ilé, ẹ ní kó tì í kíákíá. Ọ̀nà tó láàbò wà tó lè bá yín ṣe. Bẹ́ ẹ bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Alábà, ẹ má lo ètò tó bá inú rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Lálaalẹ́, ẹ da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ sì yọ fláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí jàǹbá náà bá lè pa àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ lára, òfin ìdáàbòbo dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí.