Ẹ Má Tíì Pa Fáìlì Àtijọ́ Rẹ́

Ẹ̀yin ará ilé tó wà ní Dallas àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ mi. Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti fòpin sí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé wa tí kò lè gba Windows 11 ti di ohun tá à ń wá bá a ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tuntun bá sì ti wọlé báyìí, ohun méjì ló máa ń wu èèyàn láti ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo: kó kó ẹrù inú ti àtijọ́ sínú ti tuntun, kó sì tún orúkọ tó wà lára fódà rẹ̀ ṣe. Ohun méjèèjì yìí ló ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ẹni tó ń wá àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ. Bí ẹ bá fi email yín ṣí Windows lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà márùn-ún tó ṣáájú nínú email náà ló sábà máa ń mú sọ fódà yín. Nítorí náà, Oluwaseun, Oluwatosin àti Oluwakemi, “oluwa” ni fódà gbogbo wọn ń jẹ́. Adebayo á di “adeba”, Folasade á di “folas”. Ó ń bí àwọn èèyàn wa nínú, mo sì mọ ohun tó fà á. Àwa kì í fi orúkọ ṣeré. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára fódà yẹn kì í ṣe orúkọ ọmọ. Àdírẹ́sì ilé ni. Windows ní ìwé kan nínú lọ́hùn-ún tó ń pè ní registry, ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé lágbájá ń gbé ní C:\Users\oluwa. Ọ̀pọ̀ ètò tẹ́ ẹ bá tún fi sórí ẹ̀rọ ló máa ń kọ àdírẹ́sì yìí sílẹ̀ níbi tirẹ̀. Bí ẹ bá wá pa nọ́ńbà ara ilé rẹ́, tẹ́ ẹ kọ òmíràn síbẹ̀, ẹni tó ń pín lẹ́tà kò mọ̀. Ibi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lọ, kò sì ní bá ilé níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nínú ìjọ wa, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Garland, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Àbúrò mi, wọ́n ti kó ilé mi lọ.” Mo rò pé olè ni. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń wí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wá kí i ló gba orí àkáǹtì mìíràn wọlé, tó yí orúkọ fódà ẹ̀gbọ́n mi padà kó lè dọ́gba pẹ̀lú orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀rọ mọ́ roro bí ọjọ́ tó rà á: kò sí àwòrán, kò sí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ nígun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kò kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ fún un pé àkáǹtì onígbà díẹ̀ ló wà, àti pé ohunkóhun tó bá kọ síbẹ̀ á pa rẹ́ bó bá ti jáde. Ó ní òun á wá àwọn fáìlì òun bó bá yá. Ó jókòó wákàtí mẹ́ta, ó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà níbi ìrántí ọdún kan bàbá rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ohun àtijọ́ ló wà nínú fódà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un láti orí àkáǹtì kejì, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, ilé kún padà. Ọ̀rọ̀ ìrántí bàbá nìkan ni a kò rí mọ́. Ó tún un kọ, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé kì í ṣe bí ti àkọ́kọ́.

Bó bá jẹ́ pé orúkọ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ sí ètò àkáǹtì kí ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ fi fódà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ lè kọ ọ́ tòun ti àmì ohùn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ fódà gan-an lẹ fẹ́, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun tí kò ní email nínú, kí ẹ fi lẹ́tà ṣákálá kọ orúkọ tó wù yín, láìsí àmì, láìsí àlàfo, torí àwọn ètò kan wà tí àmì ìdí ọ àti ṣ máa ń dà láàmú. Ẹ wá da ẹrù yín kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo Mac, orúkọ àkáǹtì àti ti fódà gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Apple ti kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe é látorí.

Ti kíkó ẹrù ló wá le jù. Ìlú Dallas tá à ń gbé yìí, níbí ni ẹnjiníà Jack Kilby ti fi chip rẹ̀ àkọ́kọ́, irú èyí tó wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní, han àwọn ará ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ní September 12, 1958. Ìlú tó mọ kọ̀ǹpútà ni. Síbẹ̀, ní ìparí March wọ ìbẹ̀rẹ̀ April 2021, òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú ń kó fáìlì àwọn ọlọ́pàá kúrò ní cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wá sínú ẹ̀rọ ìlú fúnra rẹ̀. Ẹrù lásán ló ń kó. Ìjọba ìlú sọ lẹ́yìn náà pé kò tẹ̀ lé ìlànà tó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Terabyte 22 ló pa rẹ́. Wọ́n rí nǹkan bí 14 gbà padà, nǹkan bí 8 sì lọ ráúráú. Bí àwòrán kan bá jẹ́ megabyte 4, àwòrán mílíọ̀nù méjì ni terabyte 8 lè gbà.

Àwòrán, fídíò, ohùn àti àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ló wà nínú ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n lù tàbí ṣe léṣe nínú ilé ara wọn. Oṣù August ni John Creuzot, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn ní Dallas County, tó gbọ́. Ẹnì kan tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn jáde kúrò ní àtìmọ́lé nítorí àwọn olùpẹjọ́ kò tíì mọ̀ bóyá fáìlì rẹ̀ wà lára èyí tó sọnù. Nígbà tí wọ́n sì tún yẹ ẹ̀rọ ìlú wò, nǹkan bí terabyte 15 mìíràn tún ti lọ. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ náà. Lílé tí wọ́n lé e kò dá fáìlì kankan padà fún ìyá tó ń dúró de ìdájọ́.

Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń fà á. Àwọn tó ṣe Windows gan-an gbé àtúnṣe kan jáde ní October 2, 2018, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi dá a dúró, torí ó ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́. Àwọn tó ti gbé fódà bíi Documents lọ síbòmíràn, tí àwọn fáìlì kan sì kù sí ibi àtijọ́, ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹ̀rọ rò pé àlòkù ni ohun tó kù níbẹ̀, ó gbá a dànù.

Nítorí náà, ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe, ẹ má gé e. Ctrl àti C ni ẹ̀dà. Ctrl àti X ni gígé, bí iná bá lọ tàbí tí wáyà bá yọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gé e, ẹ ò ní mọ ohun tó dé ọ̀hún àtohun tí kò dé. Kí ẹ̀dà náà wà lórí hard drive tó dá dúró pẹ̀lú, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ tuntun nìkan. Bó bá parí, ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún ara máòsì tẹ fódà méjèèjì lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ yan Properties, kí ẹ wo iye fáìlì tó wà nínú wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4,312 tí èkejì jẹ́ 4,290, ẹ̀dà yín kò pé nìyẹn. Ẹ ṣí àwòrán mẹ́ta, ìwé méjì, ohùn kan, kí ẹ rí i pé wọ́n ń ṣí. Ẹ sì ṣọ́ra fún OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èyí tẹ́ ẹ bá parẹ́ nínú fódà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ á pa rẹ́ lórí ti tuntun náà, nínú àkáǹtì tara ẹni ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló sì fi ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ju ẹ̀rọ àtijọ́ sínú drọ́ọ̀mù tó ń lọ Èkó. Mo mọ̀ pé àbúrò ń retí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn, Documents àti Pictures nìkan ni wọ́n ń kó, wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n tọ́jú sí Downloads tàbí sí ojú drive C lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi ará Garland náà wá ra ẹ̀rọ tuntun. Mo ní kó má fi ti àtijọ́ tọrẹ, ó wé e sínú ìró, ó gbé e sórí wọ́dúróòbù. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ń wá ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Abẹ́òkúta kí bàbá tó kú. Kò sí nínú ti tuntun. A gbé ti àtijọ́ sọ̀kalẹ̀, a tàn án, a bá a nínú fódà kan lójú C tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí pé òun dá. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni. Bàbá kọ́kọ́ wúkọ́, ó ní kí wọ́n gbé fóònù sún mọ́ òun, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.