Ta Ni A Kà, Ta Ni A Kò Kà? Ẹ̀kọ́ Lórí Iye Àwọn Oníṣẹ́ ní Erékùṣù Mauritius

Gbogbo wa ni a mọ òwe Olúwa wa nípa baálé ilé kan tí ó jáde lọ ní òwúrọ̀ láti gba àwọn alágbàṣe sínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Nígbà tí ó di wákàtí kọkànlá, ó tún bá àwọn mìíràn ní ọjà tí wọ́n dúró láìṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó sì bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí ó pe àwọn sí iṣẹ́. A máa ń fi òwe yìí kọ́ni nípa oore-ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú olùkọ́ ìṣirò wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ọgbà ni oníṣẹ́. Ẹni tí ó dúró ní ọjà ni aláìníṣẹ́ tí ń wá iṣẹ́. Àwọn tí ó kù sí ilé ńkọ́, tí wọn kò sí nínú ọgbà, tí wọn kò sì sí ní ọjà? Òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé ìṣirò máa ń ṣe, èyí ni ó sì mú kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí.

A mú erékùṣù Mauritius fún àpẹẹrẹ, nítorí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè ká gbogbo rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì hàn kedere nínú iye àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

I. ILẸ̀ NÁÀ ÀTI ÀWỌN ÈNÌYÀN RẸ̀

Mauritius wà ní inú Òkun Índíà, ní nǹkan bí 800 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Madagásíkà. Kò sí ọmọ onílẹ̀ kankan níbẹ̀ kí àwọn ará Hólàǹdì tó gúnlẹ̀ ní ọdún 1598. Àwọn ará Faransé gbà á ní 1715, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1810. Ìrèké ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ẹrú tí a kó wá láti Madagásíkà àti láti Áfíríkà ni ó kọ́kọ́ ro oko wọ̀nyí. Nígbà tí a fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1835, àwọn alágbàṣe láti Índíà ni a fi rọ́pò wọn lábẹ́ àdéhùn; àwọn tí ó gba èbúté Port Louis wọlé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún súnmọ́ 500,000. Ilẹ̀ náà gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù March, ọdún 1968. Lónìí, àwọn olùgbé rẹ̀ ju 1,200,000 lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, a lè sọ pé iṣẹ́ ni ó kó gbogbo ènìyàn dé erékùṣù yìí. Nítorí náà ìbéèrè nípa ẹni tí ó ní iṣẹ́ àti ẹni tí kò ní in kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀.

II. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

Kí a tó ka iye, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń kà. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti fi ìlànà lélẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń tẹ̀ lé e. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, a pín gbogbo àwọn tí ó ti tó iṣẹ́ ṣe sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní Mauritius, láti ẹni ọdún 16 sókè ni a ń kà.

Èkíní ni oníṣẹ́: ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún owó ọ̀yà tàbí fún èrè, ìbáà ṣe fún wákàtí kan péré, nínú ọ̀sẹ̀ tí a ń wádìí rẹ̀.

Èkejì ni aláìníṣẹ́: ẹni tí kò ní iṣẹ́, tí ó ń wá a, tí ó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá rí i.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn agbo: akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó, aláìsàn, ìyàwó tí ń tọ́jú ilé, àti ẹni tí wíwá iṣẹ́ ti sú. Oníṣẹ́ àti aláìníṣẹ́ ni ó para pọ̀ di agbo àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ti ẹ̀kẹta kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ iye kan sí ojú pátákó. Ẹ mú 100 obìnrin tí wọ́n ti pé ọdún 16. Kí 40 nínú wọn ní iṣẹ́, kí 5 máa wá iṣẹ́, kí 55 wà lẹ́yìn agbo. Ìpín àwọn oníṣẹ́ jẹ́ 40 nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wá ìpín aláìníṣẹ́, a kì í fi 100 pín in. 45 tí ó wà nínú agbo nìkan ni a fi ń pín in. Márùn-ún nínú 45 jẹ́ nǹkan bí 11 nínú 100.

Nísinsin yìí, kí a sọ pé àwọn 5 tí ń wá iṣẹ́ rìn títí ó fi sú wọn, wọ́n sì padà sí ilé. Oníṣẹ́ ṣì jẹ́ 40. Kò sí ẹnì kan tí ó rí iṣẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n ìpín aláìníṣẹ́ ti di òfo! Ẹni tí ó bá ka ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà yóò dúpẹ́ pé ìyà ti tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ìrètí ni ó tán.

Àwọn iye tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kò jìnnà sí òtítọ́. Láàrin ọdún 2010 àti 2019, nǹkan bí 40 nínú 100 obìnrin Mauritius ni ó ní iṣẹ́, nígbà tí nǹkan bí 70 nínú 100 ọkùnrin ní in. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin tí ó wà nínú agbo kéré sí àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ ju àwọn ọkùnrin tí ń wá a lọ.

III. BÍ ÀWỌN OBÌNRIN ṢE WỌ INÚ AGBO

Ní oṣù February ọdún 1960, ìjì líle tí a pè ní Carol jà ní erékùṣù náà. Ó wó ilé púpọ̀, ó sì ba oko ìrèké jẹ́. Ní àkókò kan náà, àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i kánkán, nítorí a ti ṣẹ́gun àrùn ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Meade láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo ọ̀ràn náà, ìwé àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ẹ̀rù bà á pé ènìyàn yóò pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Kò sì yani lẹ́nu: nínú 100 owó tí ọjà ilẹ̀ náà ń mú wá láti òkèèrè nígbà náà, ohun tí ó ju 90 lọ wá láti ọ̀dọ̀ ṣúgà, ìrèké nìkan kò sì lè gba gbogbo ọwọ́.

Ní 1970, ìjọba ṣe òfin tí ó fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà fún òkèèrè ní ìrọ̀rùn owó orí àti owó ibodè. Àwọn oníṣòwò láti Hong Kong àti àwọn olówó ilẹ̀ náà fúnra wọn dá ilé ìránṣọ àti ilé ìhunṣọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyí gbà jù. Ìdí kan hàn gbangba: òfin fi owó ọ̀yà tí ó kéré jù lọ fún obìnrin sí abẹ́ ti ọkùnrin. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sí lára àwọn tí a kà sí aláìníṣẹ́ tẹ́lẹ̀; láti ẹ̀yìn agbo ni wọ́n ti wá. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ sí i, síbẹ̀ aláìníṣẹ́ kò tètè dín kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan bí 20 nínú 100 òṣìṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn yí padà. Nígbà tí ó fi máa di 1990, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ti súnmọ́ 90,000, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìpín aláìníṣẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ 3 nínú 100. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí pe Mauritius ní iṣẹ́ ìyanu. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìyanu, ọwọ́ obìnrin ni a fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n àdéhùn kan láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ni ó ti ń pa ààyè mọ́ fún aṣọ àwọn ilẹ̀ kékeré ní ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àdéhùn náà parí pẹ̀lú ọdún 2004. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti kó lọ síbi tí ọ̀yà ti kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀kùn. Ní 2005, ìpín aláìníṣẹ́ láàrin àwọn obìnrin ju 15 nínú 100 lọ. Ti àwọn ọkùnrin kò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó kù ń mú òṣìṣẹ́ wá láti Bangladesh, Índíà àti Madagásíkà. Àwọn wọ̀nyí pàápàá kò sí nínú ìpín tí a ń sọ, nítorí ọmọ ilẹ̀ náà nìkan ni a ń kà sí i.

IV. ỌJỌ́ ORÍ JẸ́ ÌWÉ ÌTÀN

Bí a bá ya iye àwọn oníṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, ti ọkùnrin rí bí òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: ó ń gòkè kánkán lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó dúró sókè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá súnmọ́ 60. Ti obìnrin rẹlẹ̀ jù ú lọ níbi gbogbo, ó sì ń tètè sọ̀kalẹ̀. Láàrin àwọn ọ̀dọ́, ìyàtọ̀ náà kéré. Láàrin àwọn àgbà, ó gbòòrò.

Ẹnìkan lè yára sọ pé ogbó ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí a bí ní Mauritius ní ọdún ìjì Carol. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí a ṣe òfin ilé iṣẹ́ ní 1970. Ìjọba sọ ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíríámà di ọ̀fẹ́ ní 1977, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 17; oore náà dé, ṣùgbọ́n ó ti kọjá rẹ̀. Ní 1985, ní ẹni ọdún 25, ilé iṣẹ́ ń wá irú rẹ̀ kiri. Ní 2005 ó di ẹni 45: ilé iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, iṣẹ́ tuntun ní ilé ìtura àti ní ọ́fíìsì sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ní 2015, tí ó di 55, ó ti jókòó sí ilé, kò wá iṣẹ́ mọ́; nítorí náà kì í ṣe aláìníṣẹ́ lójú ìwé. Ìlà tí a kọ “ọdún 50 sí 59” sí lára kò sọ̀rọ̀ ogbó nìkan. Ìtàn obìnrin yìí àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ọ̀ràn mìíràn ni. Láàrin 2010 àti 2019, nínú àwọn ẹni ọdún 16 sí 24 tí wọ́n wà nínú agbo, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni kò rí iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á bí ẹni pé ọ̀kan nínú mẹ́rin gbogbo ọ̀dọ́ ni: púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì sí nínú agbo. Síbẹ̀ ìyà náà kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó bá bọ́ sí.

V. OHUN TÍ Ó KAN ÀWA OLÙKỌ́

A jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwa kọ́kọ́ rí i pé ìpín aláìníṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti nǹkan bí 10 nínú 100 ní 2005 sí nǹkan bí 7 ní 2019, inú wa dùn. Ìgbà tí a wo ìlà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé kò yẹ kí a tètè yọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́.

Ìkíní: kí a máa kọ́ ọmọ pé kí ó tó gba ìpín kan gbọ́, kí ó béèrè ohun tí a fi pín in. Ọmọ tí ó mọ̀ pé 5 nínú 45 kì í ṣe 5 nínú 100 ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ní.

Ìkejì: kí a má ṣe pe ẹni tí a kò kà ní ọ̀lẹ. Ìyá tí ó ń dáná, tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń tọ́jú arúgbó láti òwúrọ̀ dé alẹ́ wà lẹ́yìn agbo. Ẹni tí ó tajà fún wákàtí kan wà nínú rẹ̀. Ìlànà náà wúlò fún ohun tí a ṣe é fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n làálàá ọmọ ènìyàn.

Ìkẹta: ẹ̀kọ́ ilé ìwé dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ní Mauritius, àwọn obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, síbẹ̀ àwọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wá iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ti ṣí; ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ni kò ṣí tó bẹ́ẹ̀. Ní January 2018, òfin fi owó ọ̀yà tí ó kéré jù lọ kan náà lélẹ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, èyí sì jẹ́ ìgbésẹ̀ rere.

Àwọn baba wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ilẹ̀ tí ó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ọwọ́ méjèèjì, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Baálé ilé inú òwe nì jáde lọ sí ọjà ní ìgbà márùn-ún ní ọjọ́ kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa tí a ó di olùkọ́ máa kan ilẹ̀kùn àwọn tí ó wà ní ilé pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Nínú 100 ọkùnrin, 70 ní iṣẹ́, 4 ń wá a. Kí ni ìpín oníṣẹ́? Kí ni ìpín aláìníṣẹ́?

2. Bí 2 nínú àwọn 4 náà bá padà sí ilé, tí wọn kò wá iṣẹ́ mọ́, èwo nínú ìpín méjèèjì ni yóò yí padà, èwo ni kò ní yí padà?

3. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ìyàtọ̀ láàrin ọkùnrin àti obìnrin fi gbòòrò jù láàrin àwọn àgbà ní Mauritius? Fi ọdún mẹ́ta nínú ìtàn ilẹ̀ náà ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.