Ìwé Èdè Abínibí Tí Ó Di Ti Gbogbo Ayé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ di òǹkọ̀wé olókìkí kò gbọ́dọ̀ fi èdè ilé rẹ̀ kọ̀wé. Ìtàn àwọn mẹ́ta wọ̀nyí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

1. Thomas Mofolo. Ní ọdún 1876 ni a bí i ní ilẹ̀ Lesotho, ní apá gúúsù Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì ní Morija, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1907. Lẹ́yìn èyí, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilẹ̀ Natal láti wádìí ìtàn Chaka, ọba àwọn Zulu. Èdè Sesotho ni ó fi kọ ìwé tí ó sọ ní orúkọ ọba náà. Nínú rẹ̀, Chaka, ẹni tí ìyà jẹ ní èwe, gba ìmọ̀ràn adáhunṣe kan, ó sì pa Noliwa, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nítorí agbára. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni Mofolo kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn kan nínú àwọn míṣọ́nnárì pé yóò fa àwọn ọmọ ìjọ padà sí ìṣe àtijọ́; nítorí náà a kò tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 1925. Ní ọdún 1931 a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mofolo kú ní ọdún 1948.

2. Rabindranath Tagore. Ìlú Calcutta ní India ni a bí i sí ní ọdún 1861. Èdè Bengali ni ó fi kọ ìwé ewì rẹ̀, Gitanjali, ní ọdún 1910, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì túmọ̀ èyí tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1912. Ní ọdún 1913, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Yúróòpù tí ó gbà á. Ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amritsar, ó kọ oyè tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 1941.

3. D. O. Fagunwa. Ọmọ Òkè-Igbó ni, a bí i ní ọdún 1903. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Fagunwa kú ní ọdún 1963. Ní ọdún 1968 ni Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Àwọn ará ilé wọn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ kọ̀wé fún, kí òkèèrè tó gbọ́. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìtàn tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni; bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè, a ó bá wọn sin ín.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí ìwé Chaka fi pẹ́ kí ó tó jáde?
2. Kí ni Tagore ṣe ní ọdún 1919, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Ìtàn wo ní ìlú yín ni ó yẹ kí a tètè kọ sílẹ̀? Ta ni ó mọ̀ ọ́n jù?